Bọ́ọ̀lù Pupa àti Rákẹ́ẹ̀tì Kékeré: Ṣé Wọ́n Tó Owó Wọn fún Ọmọ Tí Ń Kọ́ Fóháńdì ní Èkìtì?

Tíṣà tàbí òbí tí ó bá fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ tẹ́ńìsì, rákẹ́ẹ̀tì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá kiri. Ní tiwa, bọ́ọ̀lù ni kí ó kọ́kọ́ rà. Rákẹ́ẹ̀tì tí kò dára tó lè fa ẹ̀kọ́ sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí kò bá ọmọ mu yóò kọ́ ọ ní àṣà tí kóòṣì yóò fi ọ̀pọ̀ oṣù tú. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò yìí fi dá lé bọ́ọ̀lù pupa tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì kékeré àti nẹ́ẹ̀tì kúkúrú tí ó ń bá a rìn. A wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí irú ilẹ̀ tí a ní ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé, Ìjerò àti Ọyẹ́, níbi tí kóòtù gidi kò ti pọ̀, tí ó sì jẹ́ pé pápá tí àwọn ọmọ ti ń tò láàárọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ lè yà sọ́tọ̀ fún eré.

Fóháńdì ni gbígbá tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ń kọjú sí bọ́ọ̀lù, láti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tí ó fi di rákẹ́ẹ̀tì mú. Òun ni a kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ, nítorí pé ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Ìdajì kejì ni bọ́ọ̀lù àti rákẹ́ẹ̀tì máa ń bàjẹ́ tàbí tún ṣe.

Ohun tí bọ́ọ̀lù yìí jẹ́ nìyí. Apá kan ara rẹ̀ pupa, apá kejì yẹ́lò. Nínú ìwé òfin ITF, àjọ tí ń ṣàkóso tẹ́ńìsì lágbàáyé, Stage 3 ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 2012 ni òfin náà ti sọ pé ìdíje àwọn ọmọ ọdún 10 sí ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ lo bọ́ọ̀lù yẹ́lò tí àgbà ń lò mọ́. Pupa, ọsàn tàbí àwọ̀ ewé ni kí wọ́n fi gbá. Bọ́ọ̀lù àgbà wúwo tó 56 sí 59.4 gíráàmù, ìbú rẹ̀ kò sì ju 6.86 sẹ̀ǹtímítà lọ. Pupa tóbi jù ú lọ, 7 sí 8 sẹ̀ǹtímítà, síbẹ̀ ó fúyẹ́ jù ú lọ, 36 sí 49 gíráàmù. Nítorí pé ó tóbi, tí ó sì fúyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń dá a dúró lójú ọ̀nà. ITF sọ pé ó fi nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́ra ju ti àgbà lọ. Bí a bá sì sọ méjèèjì sílẹ̀ láti 254 sẹ̀ǹtímítà sórí ilẹ̀ líle, ti àgbà yóò ta padà sókè dé 135 sí 147, pupa kò ní kọjá 90 sí 105.

Nínú gbogbo ohun tí bọ́ọ̀lù yìí ń ṣe, ìtasókè yẹn ni ó ṣe pàtàkì jù. Ọmọ tí gíga rẹ̀ tó 115 sẹ̀ǹtímítà, ìbàdí rẹ̀ kò jìnnà sí 65 tàbí 70 sí ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí rákẹ́ẹ̀tì ti pàdé bọ́ọ̀lù: ní ìwọ̀n ìbàdí, níwájú ẹsẹ̀ iwájú, kí ó jìnnà sí ara díẹ̀ kí apá lè nà. Bọ́ọ̀lù yẹ́lò tuntun tí àgbàlagbà gbá kọjá sí ọmọ yẹn, àní kí ó rọra gbá a, máa ń ta dé àgbọ̀n tàbí kọjá orí rẹ̀. Ọmọ á wá ọ̀nà tirẹ̀. Ó lè fi ẹ̀yìn rìn títí tí ògiri yóò fi dá a dúró. Ó lè fi ara lélẹ̀ sẹ́yìn kí ó sì gbá a bí ó ṣe ń ṣubú. Èyí tí ó burú jù ni pé kí ó yí ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ ìdìmú, kí ojú rákẹ́ẹ̀tì lè dé òkè. Ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù á kọjá, àwọn òbí á pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wá sí ìsàlẹ̀ orúnkún ni a ó mọ̀ pé ọwọ́ ti yí jù: ojú rákẹ́ẹ̀tì á dojú bolẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa wọ inú nẹ́ẹ̀tì. Pẹ̀lú pupa, bọ́ọ̀lù kan náà á wá sí ìbàdí tàbí àyà, ọmọ kò sì ní ìdí láti yí ọwọ́ rárá.

Èyí tí ó tẹ̀lé e ni àkókò. Bọ́ọ̀lù tí ó lọ́ra fún ọmọ láyè láti yí èjìká kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀, dípò kí ó máa sáré na ọwọ́ nìkan. Ọmọ tí kò ní àyè kò lè yí èjìká. Bí a bá ń pariwo sí i pé kí ó yí i, à ń fìyà jẹ ẹ́ lásán ni.

A mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe dípò bọ́ọ̀lù pupa. Wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù àgbà tí ó ti kú lọ́wọ́ àwọn tí ń gbá tẹ́ńìsì ní kílọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbà pé nígbà tí kò ti ta sókè mọ́, ti ọmọdé ti dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù náà ni ó jò, ìwọ̀n àti títóbi rẹ̀ kò yí padà. Ó ṣì wúwo tó ti tẹ́lẹ̀, ó ṣì ń yára bọ̀ ní òfurufú bí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó bá wá balẹ̀, kì í ta dé ìbàdí. Ọmọ kò rí àkókò, kò sì rí gíga, ó wá di pé kí ó máa tẹ̀ ba láti họ bọ́ọ̀lù sókè. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á máa rọ̀ sẹ́yìn nígbàkúùgbà tí ó bá kàn án. Bọ́ọ̀lù kíkú dára fún jíjù àti mímú, fún kíkó sínú garawa, fún fífi ṣe àmì lórí ilẹ̀. Kí a má fi í kọ́ fóháńdì.

Rírí ojúlówó rà ni ìṣòro àkọ́kọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Wilson, Head, Babolat àti Dunlop ń ṣe bọ́ọ̀lù pupa, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù eré ìdárayá tí ó wà láàárín ìlú, yẹ́lò inú agolo ni èèyàn máa ń bá jù. Ó lè di dandan kí ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó tàbí Ìbàdàn sí gáréèjì. Ẹ sọ fún ẹni tí ń tà á pé Stage 3 ni ẹ fẹ́, kí ó má jẹ́ pé “bọ́ọ̀lù tẹ́ńìsì ọmọdé” nìkan ni ẹ sọ, nítorí orúkọ yẹn gba gbogbo nǹkan: bọ́ọ̀lù ìṣeré onírọ́bà líle, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣe fún ajá, bọ́ọ̀lù àgbà tí wọ́n kun. Pupa kì í sábà wá nínú agolo, nítorí kò ní afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú rẹ̀ bíi ti àgbà; inú ọ̀rá tàbí àpò àwọ̀n ni ó máa ń wà, méjìlá nígbà mìíràn, mẹ́ta nígbà mìíràn. Ẹ wá àmì ITF lára àpò náà.

Bí kò bá sí àmì, ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí 2 mítà lára ògiri, ẹ sọ bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ láti ibẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ibi tí ó ta dé. Ojúlówó á ta dé nǹkan bí 70 sí 83 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tí ó bá kọjá mítà kan, ti àgbà ni, àwọ̀ yòówù kí ó ní. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: ó yẹ kí ó tẹ̀ díẹ̀ kí ó sì padà. Èyí tí kò bá tẹ̀ rárá á máa dun ọmọ lọ́wọ́. Iye owó rẹ̀ ń bá owó dọ́là lọ sókè sódò, nítorí náà ẹ béèrè ní ibi méjì ó kéré tán.

Bọ́ọ̀lù fóòmù náà wà, òun sì tóbi ju pupa lọ, 8 sí 9 sẹ̀ǹtímítà. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún, nínú gbọ̀ngàn tàbí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì, a fẹ́ràn rẹ̀ ju pupa lọ, nítorí kì í ba ọmọ lẹ́rù. Bí ó bá bà á lójú, kò ní dùn ún púpọ̀, ọmọ tí kò bẹ̀rù á sì dúró de bọ́ọ̀lù. Níta, ó ní àbùkù mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ ń gbé e kúrò lójú ọ̀nà, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ó ń mu omi, tí ó bá sì ti mu omi kò ní ta mọ́. Sìmẹ́ńtì tí kò dán sì ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di wúruwùru. Ẹni tí owó rẹ̀ kò gba méjèèjì, pupa ni kí ó rà.

Ó kan rákẹ́ẹ̀tì. Ti àgbà jẹ́ 27 íǹṣì. Ti ọmọdé wà ní 17, 19, 21, 23, 25 àti 26. Fún bọ́ọ̀lù pupa, 23 íǹṣì ni òpin. Ọjọ́ orí lè tan èèyàn jẹ, nítorí náà ẹ fi ara ọmọ wọ̀n ọ́n: kí ó dúró ṣánṣán, kí apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ láìká, kí ó di ìdìmú mú níparí rẹ̀, kí orí rákẹ́ẹ̀tì dojú kọ ilẹ̀. Bí orí náà bá ń sún mọ́ ilẹ̀ tàbí ó kàn án díẹ̀, ó bá a mu. Bí ọmọ bá ní láti ká ìgúnpá kí rákẹ́ẹ̀tì tó gba ibẹ̀, ó ti gùn jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni 21 ń bá mu, ti ọdún méje sí mẹ́jọ sì ni 23.

Ìwọ̀n rẹ̀ ṣe pàtàkì tó gígùn rẹ̀. Àwọn alùmíníọ́mù 21 àti 23 íǹṣì tí ó dára sábà máa ń wà láàárín 180 sí 220 gíráàmù. Ọmọ tiwa kì í sọ fún àgbà pé nǹkan wúwo lọ́wọ́ òun, ẹ̀kọ́ ilé ni ìyẹn, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ wò ó. Ní kí ó na rákẹ́ẹ̀tì síwájú ní ìwọ̀n èjìká, kí ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá. Bí orí rákẹ́ẹ̀tì bá ń wólẹ̀, tàbí tí ọwọ́ kejì ń yọ́ wá ràn án lọ́wọ́, ẹ sún sí kékeré kan. Ẹ má ra èyí tí yóò “dàgbà bá a”. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ lè tóbi lọ́rùn ọmọ fún ọdún kan kí ó má ṣe nǹkan kan. Rákẹ́ẹ̀tì tí ó tóbi á kọ́ ọ láti máa fi gbogbo ara fà á.

A kò fara mọ́ gígé ìdìmú rákẹ́ẹ̀tì àgbà kúrú, bí ó tilẹ̀ rọrùn, tí ó sì wọ́pọ̀. Ẹ̀yìn ni a gé kúrò, orí kò dín kù, nítorí náà gbogbo ìwúwo rẹ̀ á wà lápá iwájú. Ìdìmú náà á sì nípọn ju ọwọ́ ọmọ lọ, ìka rẹ̀ kò ní yí i ká. Ọmọ á máa fi ọrùn ọwọ́ jù ú bí ẹni fi àáké la igi. Bí owó kò bá tó fún gbogbo kíláàsì, rákẹ́ẹ̀tì pákó tí káfíńtà gé sàn ju ìyẹn lọ. Ẹ lo pákó pẹlẹbẹ (plywood) tí nínípọn rẹ̀ kò ju 6 mílímítà lọ, kí gbogbo gígùn rẹ̀ jẹ́ 40 sí 43 sẹ̀ǹtímítà, kí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 20. Kí káfíńtà fi gọ́ọ̀mù lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìdìmú níhà méjèèjì kí ọwọ́ lè rí nǹkan dì mú, kí ó fi sáńpépà bó gbogbo etí rẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù aṣọ yí ìdìmú ká. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù àkọ́kọ́, pẹ̀lú fóòmù tàbí pupa. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó gbé bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, nítorí kò ní okùn. Nígbà tí ọmọ bá ti ń gbá a kọjá nẹ́ẹ̀tì láti 4 mítà, ó tó àkókò rákẹ́ẹ̀tì gidi.

Nẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n ń tà, onírin tí a ń tò, dára, ó yá láti gbé. Àmọ́ níbí ni ẹ ti lè fi owó pamọ́. Gíga 80 sẹ̀ǹtímítà ni òfin bọ́ọ̀lù pupa béèrè, kóòtù rẹ̀ sì jẹ́ 11 mítà ní gígùn, 5.5 sí 6 mítà ní ìbú. Ẹ so okùn mọ́ ẹ̀yìn àga oníke méjì, ẹ gbé òkúta tàbí iyanrìn inú àpò lé orí àga kí ó má baà ṣubú, ẹ so aṣọ àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ okùn náà kí ọmọ lè rí i. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárín, ibi tí okùn ti ń rọ̀, kì í ṣe nídìí àga.

Nípa ilẹ̀, òtítọ́ ni pé bọ́ọ̀lù pupa kì í ṣe dáadáa níbi gbogbo ní Èkìtì. Lórí sìmẹ́ńtì tí ó tẹ́jú, ó ń ta bí ìwé ṣe sọ. Lórí ilẹ̀ pupa tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ìtasókè rẹ̀ ń dín kù, tí iyanrìn bá sì wà lókè, á kú síbẹ̀ pátápátá; ọmọ á tún padà sí họ-họ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Lórí íńtálọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ṣe ojúde ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ó ń ta sókè tó, àmọ́ àlàfo àárín òkúta máa ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò di dandan kí a kó àwọn ọmọ lọ sí pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé kí wọ́n tó rí ilẹ̀ gbá. Ojúde sìmẹ́ńtì tí ó fẹ̀ tó mítà 12 nígùn àti 7 ní ìbú tó fún ọmọ mẹ́rin. Ilẹ̀ wa ń dà gẹ̀rẹ́, pàápàá níhà Ẹ̀fọ̀n. Ẹ jẹ́ kí gẹ̀rẹ́ náà sọ̀kalẹ̀ síbi tí ògiri wà, kí bọ́ọ̀lù tí ó bá sá má baà wọ gọ́tà. Ẹ tẹ́ kóòtù láti àríwá sí gúúsù, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, kí ó má wọ̀ ọ́ lójú. Gbá ilẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní àkókò ọyẹ́. Eruku lórí sìmẹ́ńtì máa ń yọ̀.

Bí ọjà bá ti pé, ẹ̀kọ́ ku. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí okùn rákẹ́ẹ̀tì gbalaja, kí ó wá fà á sọ̀kalẹ̀ títí dé ìdìmú, kí ó dì í mú níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á bọ́ síbi tí ó yẹ fún fóháńdì láìsí àlàyé gígùn: oríkèé ìsàlẹ̀ ìka ìfábẹ̀lá á wà ní ẹ̀gbẹ́ ìdìmú, ojú rákẹ́ẹ̀tì á máa wo ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ń wò. Ẹ wò ó ní gbogbo ìgbá mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí ọwọ́ ọmọ máa ń yọ́ kúrò, kò sì ní mọ̀.

Kò sí nẹ́ẹ̀tì ní ìpele àkọ́kọ́. Tíṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ní apá ọ̀tún rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, díẹ̀ síwájú, níbi tí rákẹ́ẹ̀tì kò lè kàn án. Ọmọ ti yí èjìká, èjìká òsì kọjú síbi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, rákẹ́ẹ̀tì ti wà lẹ́yìn. Tíṣà sọ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti ìwọ̀n orí ara rẹ̀, kí ó lè ta dé nǹkan bí ìbàdí ọmọ, kí ó balẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà. Kí ó sọ ọ́ sílẹ̀ ni o, kí ó má jù ú mọ́lẹ̀. Ó ta, ó dé òkè, bí ó ṣe fẹ́ máa bọ̀ wálẹ̀ ni ọmọ gbá a. Kí ọmọ máa sọ ọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́: “Ó ta!” nígbà tí ó bá kan ilẹ̀, “Mo gbá!” nígbà tí ó bá kan okùn. Ẹnu rẹ̀ á fi hàn yín bóyá ojú rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù. Ọmọ tí ó bá ń sọ “Mo gbá” kí rákẹ́ẹ̀tì tó dé ibẹ̀ ń kánjú. Èyí tí ó bá ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ.

Rákẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ, á gòkè gba ara bọ́ọ̀lù kọjá, á parí lókè èjìká òsì, níbi tí ọwọ́ òsì ti máa mú un. Mímú yẹn ni a kì í fojú fò. Ọmọ tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ń mú rákẹ́ẹ̀tì lókè èjìká kò lè dá ọwọ́ dúró lójijì lẹ́yìn tí ó kan bọ́ọ̀lù, kò sì lè fi rákẹ́ẹ̀tì na ẹnì kejì. Ìgbá mẹ́jọ sí mẹ́wàá fún ọmọ kan, kí ó bọ́ sẹ́yìn, kí ẹlòmíràn wọlé. Ìṣẹ́jú 15 lórí ohun kan ti tó. Lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n ń gbá á di eré àìbìkítà.

Nígbà tí mẹ́fà nínú mẹ́wàá bá ń lọ tààrà, ọmọ á máa fi ọwọ́ òsì sọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, tíṣà á máa rọra jù ú sí i láti mítà 3, ọwọ́ ìsàlẹ̀, kí ó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí ọmọ méjì kojú ara wọn, okùn láàárín wọn. Okùn mítà 15 lè gba ọmọ méje lápá kan, méje lápá kejì, pẹ̀lú mítà 2 láàárín ọmọ sí ọmọ. Kí ó má kéré sí èyí, nítorí rákẹ́ẹ̀tì ń jìnnà ju bí ojú ṣe rò lọ. Fún kíláàsì tí ọmọ 40 wà nínú rẹ̀, pín wọn sí mẹ́ta: àwọn kan ń gbá, àwọn kan ń jù, àwọn kan ń ṣa bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù 24 tó fún irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Méjìlá kéré, gbogbo àkókò á lọ síbi wíwá bọ́ọ̀lù.

Àṣìṣe tí a ó máa rí jù nìyí. Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ sí apá ọ̀tún nígbà gbogbo, ọmọ ń gbá a nígbà tí ó ti kọjá ara rẹ̀. Ẹ má sọ pé kí ó yára, ẹ ní kí ó yí èjìká kí bọ́ọ̀lù tó kọjá nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ń fò sókè lọ sí orí òrùlé, ojú rákẹ́ẹ̀tì ṣí sókè, ọwọ́ tàbí ọrùn ọwọ́ ló fà á. Bí ó bá ń wọ inú nẹ́ẹ̀tì, rákẹ́ẹ̀tì kò sọ̀kalẹ̀ tó kí ó tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ọwọ́ ti yọ́ bọ́ sábẹ́ ìdìmú. Bí ìgúnpá bá lẹ̀ mọ́ ìhà, ọmọ sún mọ́ bọ́ọ̀lù jù: ẹ fa ìlà ṣọ́ọ̀kì méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún ẹsẹ̀, ọ̀kan fún ibi tí bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀, kí ó fojú rí àlàfo náà. Bí ẹsẹ̀ bá di òkúta, ẹ sọ bọ́ọ̀lù tí ó tẹ̀lé e sí ìgbésẹ̀ kan síwájú, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí ó ń lo ọwọ́ òsì, ẹ jẹ́ kí ó fi òsì gbá a. Àṣà wa ni pé a kì í fi òsì kí àgbà, a kì í fi í gba nǹkan, a sì bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Eré tẹ́ńìsì kò sí lára rẹ̀. Ọmọ òsì tí a fi tipátipá sọ di ọ̀tún lè máa kan bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ara. Kí a tó fún ọmọ ní rákẹ́ẹ̀tì, ẹ ju bọ́ọ̀lù pupa sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó jù ú padà. Ọwọ́ tí ó bá fi jù ú ni ọwọ́ fóháńdì rẹ̀. Gbogbo ohun tí a ti sọ nípa èjìká òsì á wá di èjìká ọ̀tún.

Nípa pípẹ́ rẹ̀, níwọ̀n bí kò ti ní afẹ́fẹ́ tí ó lè jò, pupa kì í kú bíi yẹ́lò. Irun ara rẹ̀ ni ó máa ń tán. Kíláàsì tí ń lò ó lójoojúmọ́ lórí sìmẹ́ńtì tí kò dán á rí i pé kí sáà kan tó parí, àwọn kan ti pá. Bọ́ọ̀lù pípá ń yára, ó sì ń yọ̀ lórí okùn. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára èyí tí ẹ fi ń kọ́ ọmọ tuntun. Bí òjò bá pa á, irun rẹ̀ á mu omi, á wúwo. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ òrùlé kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́, ẹ má sá a sí oòrùn, ẹ má sì kó o sínú ọ̀rá ní tútù. Rákẹ́ẹ̀tì náà, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí a ti pa ní ọ̀sán, ooru ń dẹ okùn rẹ̀.

A fara mọ́ bọ́ọ̀lù pupa tọkàntọkàn fún ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, lórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú 21 tàbí 23 íǹṣì. Lórí ilẹ̀ iyanrìn, a kò ní kí ẹnikẹ́ni ra á. Àkókò láti fi í sílẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ. Nígbà tí ọmọ méjì bá lè gbá fóháńdì fún ara wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lórí kóòtù mítà 11 láìjẹ́ pé ọwọ́ yí padà, tí bọ́ọ̀lù sì ti ń kọjá ìlà ẹ̀yìn nítorí agbára kì í ṣe nítorí àṣìṣe, ẹ sún wọn sí bọ́ọ̀lù ọsàn: kóòtù rẹ̀ gùn tó mítà 18, rákẹ́ẹ̀tì 23 sí 25 íǹṣì, bọ́ọ̀lù náà sì máa ń ta dé 105 sí 120 láti 254. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi pupa bẹ̀rẹ̀ ìdárayá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó mú ọsàn, nítorí ọwọ́ tí ó ti mọ ìbàdí á kọ́kọ́ fẹ́ sá nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dé àyà.